Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbè é: Bí àwọn olórin Amẹ́ríkà ṣe fi orin àtijọ́ lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́

Ilé eré kan wà ní àdúgbò Brooklyn, nílùú New York, tí wọ́n ń pè ní Brooklyn Bowl. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn àgbàlagbà ló máa ń kún ibẹ̀. Wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń jó, gìtá ń dún títí di òru. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ lẹ ó kọ́kọ́ rí, tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Bàbá gbé ọmọ lé èjìká, ìyá fa èkejì lọ́wọ́, ìyá àgbà náà ò gbẹ́yìn. Agbo orin ìdílé ni gbogbo wọn bá wá.

Rock and Roll Playhouse ni àwọn tó dá a sílẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é, ní New York àti láwọn ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ni wọ́n ń ṣe é fún, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ kì í ṣe orin ọmọdé. Orin àwọn Beatles ni, orin Grateful Dead, orin Bob Marley, orin Prince, àwọn orin tí òbí àti òbí àgbà àwọn ọmọ náà fi lo ìgbà èwe wọn. Àwọn olórin tó mọ iṣẹ́ dunjú ló ń lu gìtá àti ìlù. Ohun tí wọ́n yí padà ni ìṣesí agbo: wọ́n dín ariwo ẹ̀rọ kù, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ jù, eré àti ijó ń wà láàárín orin kan àti èkejì, ọmọ tó bá sì fẹ́ sáré kiri lè sáré kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àríwísí á ní àwọn òbí ló ń wá ìgbádùn ara wọn, wọ́n kàn fi ọmọ bojú ni. Irọ́ kọ́ pátápátá. Bàbá tó gbé ọmọ ọdún méjì wá gbọ́ Grateful Dead, kì í ṣe ọmọ ló ní kí wọ́n lọ. Owó ni wọ́n sì fi ń wọlé, iṣẹ́ ajé ni fún àwọn tó ń ṣe é. Síbẹ̀, mi ò rí ohun tó burú nínú kí bàbá fẹ́ kí ọmọ òun mọ orin tó mú òun lọ́kàn nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà wo ni orin náà máa fi wọ ọmọ lára tí kò fi ní jẹ́ ariwo àwọn àgbà lásán.

Kí ló wá kan ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ìyá tó ń tajà ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ nínú èyí? Ó kàn wá, nítorí ohun tó ń ṣe àwọn òbí wọ̀nyẹn ló ń ṣe àwa náà: orin tí àgbà mọ̀, ọmọ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Fóònù ń kọrin sí ọmọ létí láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró kí ọmọ dáhùn. Ó sì tún kàn wá nítorí pé bí ẹ bá tú ìdí ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà fi orin mọ ọmọdé, ẹ ó rí i pé ọ̀nà náà ò ṣàjèjì sí wa. Ẹnì kan á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é. Ẹni tó bá ti jókòó rí lálẹ́ òṣùpá nígbà tí ìyá àgbà ké "Ààlọ́ o!" tí gbogbo ọmọ agboolé sì dáhùn, mọ ohun tí mò ń sọ. Ìjàpá ò lè dé ibi tó ń lọ nínú ìtàn bí àwọn ọmọ ò bá gbe orin rẹ̀.

Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ló gbé lílé àti ègbè dé ọ̀hún. Wọ́n fi ń kọrin nínú oko òwú, wọ́n fi ń kọrin nínú ìjọ. Báńjò pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti òyìnbó ni, àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lóko ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é níbẹ̀. Igbá ni wọ́n fi ṣe ikùn rẹ̀, wọ́n fi awọ bò ó lójú, wọ́n wá ta okùn sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ó tún bá báńjò pàdé níwájú.

Ẹlẹ́wọ̀n tó di olórin ọmọdé

Ìtàn agbo orin ọmọdé yìí pẹ́ ju ti Brooklyn lọ. Ẹni tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Huddie Ledbetter, tí ayé mọ̀ sí Lead Belly. Aláwọ̀ dúdú ni, ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n bí i sí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gìtá olókùn méjìlá ló ń ta. Orin tó mọ̀ sórí kò lóǹkà: orin iṣẹ́ oko, orin ọkọ̀ ojú irin, orin ìjọ, orin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n onínúfùfù ni. Ó ṣẹ̀wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí pé ó pa ènìyàn. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Angola ní Louisiana ni John Lomax àti ọmọ rẹ̀ Alan ti bá a ní 1933, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kiri ìgbèríko láti gba orin àwọn mẹ̀kúnnù sílẹ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀.

Nígbà tó jáde, ó forí lé New York. Ní 1941, Moses Asch, ẹni tó ń ṣe àwo orin, gba àwọn orin eré ọmọdé tí Lead Belly mọ̀ sílẹ̀, ó sì tà á fún àwọn òbí. Inú bí àwọn kan. Wọ́n ní ṣé apànìyàn ló máa wá kọrin fún ọmọ àwọn ni? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí òbí tó bá bi í léèrè kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọkùnrin náà jẹ́rìí pé ó fẹ́ràn kó máa kọrin fún ọmọdé. Kì í kàn kọ orin fún wọn lásán, ó máa ń sọ ìtàn orin náà, á ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe.

Lead Belly kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1949, kò sì fi owó sílẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní The Weavers gbé Goodnight, Irene jáde, orin tó ti ẹnu rẹ̀ wá. Fún ọ̀sẹ̀ 13 ni orin náà fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1950. Orin mìíràn tó tún máa ń kọ, Rock Island Line, dé ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lonnie Donegan. Nígbà tí ti Donegan gbòde ní 1956, àwọn ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gìtá kiri. Àwọn tí kò rówó ra ìlù ń ha páànù ìfọṣọ, wọ́n ń ta okùn mọ́ àpótí tíì kó lè máa dún bí gìtá ńlá. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí John Lennon kó jọ ní Liverpool lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ náà ló padà di Beatles.

Nítorí náà, bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ń jó sí orin Beatles ní Brooklyn lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ẹlẹ́wọ̀n kan láti oko òwú là.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ńlá, wọ́n gbàgbé ti ilé ẹ̀kọ́

Pete Seeger, tí wọ́n bí ní 1919, wà lára àwọn Weavers tí mo dárúkọ. Ilé orin ni wọ́n bí i sí. Onímọ̀ nípa orin ni bàbá rẹ̀. Ìyàwó bàbá rẹ̀, Ruth Crawford Seeger, kó orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà jọ sínú ìwé fún àwọn ọmọdé ní 1948, lẹ́yìn tó ti ń kọ wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Báńjò ni ohun èlò Pete. Ó tilẹ̀ kọ ìwé ìkọ́ni lórí bí wọ́n ṣe ń ta á.

Láyé ìgbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọdẹ àwọn kọ́múníìsì. Seeger ti wà nínú ẹgbẹ́ wọn rí, ó sì ti kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1955, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Wọ́n ní kó wí ibi tó ti kọrin àti àwọn tó kọ ọ́ fún. Ó kọ̀. Ó ní kò yẹ kí wọ́n bi ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kankan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lè kọ àwọn orin náà fún wọn bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Wọn ò fẹ́ gbọ́. Ní 1961, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì da ìdájọ́ náà nù ní 1962. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kò gbà á láyè títí di 1967. Àwọn gbọ̀ngàn eré náà ń bẹ̀rù láti pè é.

Ènìyàn tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ jẹ? Ilé ẹ̀kọ́ ló lọ. Ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ó ń lọ sí àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ nígbà ìsinmi, ó ń lọ sí yunifásítì. Ó ń gba owó táṣẹ́rẹ́, ó ń wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú báńjò rẹ̀. Kò jọ pé àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ka ọmọdé sí nǹkankan. Àwọn ọmọ tó sì kọrin fún ní àgọ́ láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n dàgbà tí wọ́n di ọ̀dọ́ tó kún agbo orin ìbílẹ̀ bámúbámú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwọn míì nínú wọn di olórin fúnra wọn.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bó ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Seeger kì í dúró kí ènìyàn mọ orin kó tó ní kó kọ ọ́. Bí ìlà orin kan bá ti ń parí lọ, á ti yára pe ọ̀rọ̀ ìlà tó kàn sílẹ̀, tí kò ní já sí orin náà, kí àwọn èrò tó mí èémí wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti wà ní ìjọ tí kò ní ìwé orin rí ti rí irú rẹ̀. Kò pẹ́, ọmọ tí kò gbọ́ orin náà rí ti ń kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Á tún pín àwọn èrò, àwọn ti apá ọ̀tún á máa kọ tiwọn, àwọn ti apá òsì á máa kọ tiwọn. Bí àwọn kan bá ṣì í kọ, kò jẹ́ nǹkankan. Ní 1963, àwo orin agbo kan tó ṣe fún àwọn ọmọdé ní Town Hall nílùú New York jáde. Ohùn ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé, Abiyoyo. Láti inú orin ìrẹ̀lẹ́kún ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan ló ti yọ ọ́. Òmìrán kan ń da ìlú láàmú, ọmọdékùnrin kan tí àwọn ará ìlú ti lé jáde nítorí ariwo gìtá kékeré rẹ̀ wá kọ orin fún òmìrán náà, òmìrán ń jó, ó ń jó, títí ó fi ṣubú. Orin náà ló gbé ìtàn, àwọn ọmọ ló ń gbe orin. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní Pobè tàbí ní Ṣakété, ta ni kò ní pè é ní àlọ́? Ó di ìwé ọmọdé ní 1986.

Ìyá tí kò kọ́ orin nílé ìwé

Nínú gbogbo àwọn tí mò ń sọ yìí, lójú tèmi, Ella Jenkins ló mọ ọmọdé jù. Aláwọ̀ dúdú lòun náà. Wọ́n bí i ní St. Louis ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1924, ó sì dàgbà ní Chicago. Kò kọ́ orin nílé ìwé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan tó máa ń fọn dùùrù ẹnu ló ti kọ́kọ́ fetí sí orin. Orin kíkọ, àtẹ́wọ́ àti okùn fífò àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ló kọ́ ọ ní ìyókù. Ó tún máa ń lọ wo Cab Calloway, olórin jáàsì tó máa ń ké sí èrò, tí èrò ń dá a lóhùn. Ó rí i pé ohun tí Calloway ń fi àgbàlagbà ṣe, ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe é dáadáa.

Ní 1957, Moses Asch kan náà tó gba orin Lead Belly sílẹ̀ ló gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ tuntun tó ń jẹ́ Folkways. Orúkọ àwo náà kò fi nǹkankan pamọ́, lílé àti ègbè ló ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Orin ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀, orin àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe ní 1966, You'll Sing a Song and I'll Sing a Song, ni ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà mọ́ àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní 2007.

Bí ẹ bá gbọ́ orin rẹ̀, ẹ lè kọ́kọ́ rò pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni, ó ń padà wá, ó ń padà wá. Ohùn rẹ̀ kì í ga jù, ìlù kékeré kan tàbí dùùrù ẹnu ló ń bá a rìn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ ń ṣe. Ọmọ tí kò tí ì lè kàwé, ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ń tijú, gbogbo wọn lè pa àtẹ́wọ́ mẹ́ta padà fún ẹni tó pa mẹ́ta sí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi ẹnu dá a padà. Ìgbà tó bá di ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú wọn á fẹ́ dá orin fúnra rẹ̀, Ella Jenkins á sì gbà fún un. Kọ́ńtínẹ́ǹtì méjèèje ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀, títí kan ilẹ̀ yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn olówó náà ní agbo tiwọn. Leonard Bernstein, ọ̀gá akọrin New York Philharmonic, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agbo orin fún ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kìíní ọdún 1958, ó ṣe é nígbà 53 kó tó dáwọ́ dúró ní 1972. Orin àwọn ọ̀gá àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó le, á jókòó sídìí dùùrù, á ta orin Beatles tàbí ti àwọn Kinks. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ọmọ Ouidah tó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè

Ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa, ẹni tó mọ̀ jù bí orin rọ́ọ̀kì ṣe ń wọ ọmọdé lára ni Angélique Kidjo. Ouidah ni wọ́n bí i sí ní 1960. Ọmọ Fọ̀n ni bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé, inú ẹgbẹ́ náà ni ọmọ ti kọ́kọ́ gun ìtàgé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn. Inú ilé kan náà ni orin ìbílẹ̀ ti ń dún, ibẹ̀ ni orin James Brown, ti Santana àti ti Jimi Hendrix ti ń dún. Kò sí ẹni tó pè é ní agbo orin ìdílé, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun rí àwòrán Hendrix lára àwo orin ní kékeré, ó ya òun lẹ́nu. Ọkùnrin yìí dúdú, ó ní irun bíi tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọrin. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èsì ìbéèrè yẹn ló fi kọ́kọ́ gbọ́ nípa òwò ẹrú, òun tí wọ́n bí ní Ouidah, ìlú tí wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwo orin rọ́ọ̀kì ló sọ fún un.

Ní 1998, ó kọ orin Hendrix nínú àwo tirẹ̀ tó pè ní Oremi. Ní 2007, ó kọ ọ̀kan nínú ti Rolling Stones. Nígbà tó di 2018, ó tún gbogbo àwo Remain in Light kọ láti òkè délẹ̀. Àwọn Talking Heads ti New York ló kọ́kọ́ gbé àwo yìí jáde ní 1980, lẹ́yìn tí wọ́n ti fetí sí Fela dáadáa. Nígbà tí Kidjo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Paris tó gbọ́ orin kan nínú rẹ̀, ó ní orin Áfíríkà ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní irọ́ ni, rọ́ọ̀kì ni. Àwọn méjèèjì ló gba.

Bí a bá fẹ́ dán an wò níbí

Mi ò sọ pé kí a máa ra gìtá fún ọmọ Kétu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò burú. Ohun tí àwọn tí mo sọ ìtàn wọn yìí fi ṣiṣẹ́ kò ná wọn lówó. Àgbà tó mọ orin márùn-ún tó ní ègbè ti tó. Orin ìkórè, orin àlọ́, orin tí àwọn ìyá ìyá wa fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹ mú wọn wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó nítòsí, ẹ má fi wọ́n sí ẹ̀yìn àga àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ fún ọ̀kan ní agogo, ẹ fún èkejì ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú ogójì, ẹ tú agbo ká kó tó sú wọn. Bí bàbá kan bá sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin Bob Marley tàbí ti Kidjo lẹ́yìn náà, kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ní ègbè rẹ̀ ná, kó tó tan ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ni mi ò lè fò dá. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ tàbí ìsìnkú, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Àwọn ọmọdé ló sì máa ń lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ohùn tí etí ọmọdé lè gbà láìsí ewu kò ju dẹ́síbẹ̀lì 75 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ohùn bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á já sí ìdajì. Tó bá dé 90, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù fún ọmọ náà ní odindi ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n, kó wò ó báyìí: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́ yín, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ọmọ yẹ kó dúró sí. Etí tó bá bàjẹ́ nípa bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Seeger náà bínú sí ariwo ẹ̀rọ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1965, ní agbo orin ìbílẹ̀ ìlú Newport, Bob Dylan tó ti ń fi gìtá lásán kọrin gbé gìtá oníná jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé rọ́ọ̀kì ni Seeger kórìíra. Òun ní rárá, ó ní ẹ̀rọ ló da ohùn rú tí òun ò fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà. Mo gbà á gbọ́, torí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin kò lè gbè é.

Àwọn olórin rọ́ọ̀kì kò bínú sí i. Ní 2006, Bruce Springsteen ṣe odindi àwo kan láti inú àwọn orin tí Seeger mú kí ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n búra fún Barack Obama, Springsteen pè é gun ìtàgé nílùú Washington, níwájú ère Lincoln. Ẹni ọdún 89 ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú gìtá, òtútù ń mú, èrò pọ̀ lọ súà. Orin Woody Guthrie kan tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà mọ̀ ni wọ́n kọ, wọ́n sì kọ àwọn ẹsẹ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń fò. Ohùn Seeger ò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ lé báńjò, ó gbé orí sókè, ó sì ń pe ọ̀rọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, bó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní 1955.